Ta Ni Yóò Sọ fún Onírùngbọ̀n Kó Fọwọ́?

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kejì oṣù kẹfà
Tíṣà kílàásì àgbà ní ká máa kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Ó dáa. Àwọn tó bímọ: ìyàwó ọmọ mi kejì, ìbejì. Àwọn tó ṣègbéyàwó: àbúrò mi obìnrin — ẹlẹ́ẹ̀kẹta nìyí. Ológbò aládùúgbò bí mẹ́rin, òun ò ṣègbéyàwó.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi fẹ́ wọ iléèwé ìṣègùn. Dókítà-Ọ̀la ni mo ń pè é. Lọ́dún tó kọjá, apá ìdánwò tó ń yẹ ìwà wò, tó ń bèèrè pé "kí ló tọ́ kó o ṣe?", ló gbé e ṣubú; apá ìṣirò ò yọ ọ́ lẹ́nu rárá. Bàbá rẹ̀ ní tó bá tún ṣubú, kó lọ kọ́ ìṣirò owó.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ karùn-ún
Èmi ń ka ìbéèrè sókè, òun ń dáhùn. Àwa méjèèjì ń kẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ rí ọ̀gá dókítà tó fẹ́ kan aláìsàn láìfọwọ́. Kí ni kó ṣe? Mo ní kó bu omi sínú abọ́, kó mú tówẹ̀lì, kó kúnlẹ̀: "Omi ọwọ́ yín rèé, sà." Ta ló máa bínú sí i?

Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Ìyá àgbà, ìyẹn ò sí nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin." Ìwé ní kó sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fún àgbà? Ẹni tó kọ ìwé yìí ò ní ìyá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹfà
Ó gba mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Èmi gba méjì.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá
Àga bọ́ lu àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi. Dókítà-Ọ̀la sìn mí lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ — Onírùngbọ̀n ni mo sọ ọ́ — kúrò lára ẹni tó ń wúkọ́, ó di ìdí egbò mi tààrà. Kò fọwọ́. Mo wo ọmọ mi. Ọmọ mi ń wo àjà. Èmi náà wo àjà. Wọ́n kun àjà náà dáadáa.

Nílé, ó sunkún. Ó ní òun mọ ìdáhùn, ẹnu òun ló wúwo. Mo wá òwe. Òwe sá mọ́ mi lọ́wọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún
A padà lọ pààrọ̀ báńdéèjì. Onírùngbọ̀n tún ti yàrá kejì dé, ọwọ́ gbígbẹ. Kí n tó gbójú sókè, Dókítà-Ọ̀la ti kúnlẹ̀: "Ẹ má bínú, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fọwọ́ kí ẹ tó kàn wọ́n." Mo ṣe bí ẹni tó ń sùn. Mo gbọ́ omi. Ọkùnrin náà ní, "O ṣeun. Iléèwé wo lo wà?" "Mi ò tíì wọlé, sà." Nọ́ọ̀sì ní, "Màmá, ẹ jí o, wọ́n ti fọwọ́."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kọkànlélógún
Ó lọ ṣe ìdánwò. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ó fi dé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún
Èsì dé. Apá ìwà: ipò kìíní! Mo jó tòun ti báńdéèjì.
Apá ìṣirò: ó ṣubú. Ìrọ̀lẹ́ gbogbo ni mo fi dá a dúró sídìí ìwé ìwà, kò ráyè ṣí ti ìṣirò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n
Mo pe bàbá rẹ̀ kó tó pè mí. Ẹlẹ́jọ́ tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní èmi ni mo gbà á lákòókò, kó fún un ní ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ó ní ìṣirò owó ńkọ́? Mo ní ẹni tí ìṣirò gbé ṣubú ni kó lọ kọ́ ìṣirò? Ó wá rẹ́rìn-ín. "Màámi, ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ̀yin lẹ máa sanwó."

Kó tó yí ohùn padà, mo ti wà ní báńkì. Owó ìdánwò àti owó tíṣà ìṣirò, mo ń fi ránṣẹ́ sí bàbá Dókítà-Ọ̀la lónìí: ẹgbẹ̀rún méjìdínlógójì náírà géérégé.