Kọfí Ọmọ Wa

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin,

Ẹ kú àjò o. Aya yín àtàwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún Ìyá ti ń fúyẹ́, a sì ti tún òrùlé ilé ìdáná ṣe.

Lánàá, mo lọ sí àjọ̀dún kọfí tí ọmọ mi obìnrin ti ń tajà. Mo tọ́ oríṣiríṣi wò: òmíràn korò bí oògùn ibà, òmíràn tutù débi pé eyín ń ro mí. Nígbà tí mo dé ìdí tirẹ̀, èrò ti tò bí ìjàlọ. Bàbá àgbà kan mu tirẹ̀ tán, ó ní, “Ta ló bí ọmọ yìí?”

Mo pariwo pé, “Èmi ni, sà!”

Ẹ̀gbọ́n mi, láti ọjọ́ tó ti fi iṣẹ́ báńkì sílẹ̀ lẹ ti ń bínú sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè é. Àdúrà yín ló ń retí.

Ayọ̀ la ó fi ríra.

Àbúrò yín obìnrin