Erùpẹ̀ Inú Ọ̀rá

Àbíkẹ́yìn mi,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ọkọ rẹ ń ṣe dáadáa, ṣé ọmọ-ọmọ mi ti ń fi eyín tuntun gé èèyàn jẹ? Ẹsẹ̀ yín kò ní gbá òkúta, iṣẹ́ ọwọ́ yín kò sì ní dójú tì yín. Ìyá rẹ ń kí ọ. Ewúrẹ́ rẹ̀ bí méjì, orúnkún ń dùn ún, ṣùgbọ́n ẹnu ò dùn ún, ó ṣì ń bá mi jà.

Èmi gan-an ni ara mi ò balẹ̀. Láti àná ni mo ti ń jókòó dìde, bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò. Ṣé o rántí ọ̀rá tí o ní kí n bu erùpẹ̀ oko ẹ̀yìnkùlé wa sí, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òjé, májèlé inú bátìrì, wà níbẹ̀, nítorí ọkùnrin tó ń tún bátìrì mọ́tò ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri wa? Wọ́n ní erùpẹ̀ náà mọ́ tónítóní. Mo pa fóònù mi lọ́jọ́ náà kí èsì rere yẹn má baà yí padà nínú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí o fi ń pè tí kò wọlé.

Ọmọ mi, erùpẹ̀ yẹn kì í ṣe tiwa. Tiwa gbẹ, ó kún fún yanrìn, ojú sì tì mí. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi sínú ọ̀rá ní kí n kọ orúkọ mi, mo sì mọ̀ pé ìdánwò ni, a kì í sì í fi aṣọ ìdọ̀tí lọ ìdánwò. Mo bá lọ bu ti etí odò, èyí tó dúdú, tó lọ́ràá, mo sẹ́ ẹ, mo sá a, mo tún fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kó lè dára lójú.

Àná ni obìnrin tí ìjọba rán sí àwa àgbẹ̀ dé. Ó ní òjé kan náà lè wà nínú ilẹ̀ méjì, ṣùgbọ́n ilẹ̀ alámọ̀ tí ìgbẹ́ ẹran ti jẹrà sí máa ń dì í mú, ilẹ̀ oníyanrìn tó bá kan bí ọsàn wẹ́wẹ́ sì máa ń tú u sílẹ̀ fún gbòǹgbò ẹ̀fọ́ láti fà mu. Mo bu tiwa, mo tọ́ ọ wò níwájú rẹ̀, mo ní kò kan rárá. Ó ní kí n tutọ́ dànù. Ó po erùpẹ̀ náà mọ́ omi, ó ki bébà tí wọ́n fi ń mọ ohun tó kan bọ̀ ọ́, bébà pọ́n, ó ní ó kan gidi. Mo ní bébà ò ní ahọ́n.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bàbá, ta ló ń jẹ ẹ̀fọ́ yìí?”

Mo nàka sí apẹ̀rẹ̀ ẹ̀fọ́ tí mo dì láti fi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ. Ẹ̀rù ń bà mí, ọmọ mi. Ẹ da gbogbo ẹ̀fọ́ tí mo ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀ nù, ẹ gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Mo ti tan fóònù padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ẹnu mi lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí awakọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù wá sọ́dọ̀ yín gbé lẹ́tà yìí fún ọ kó tó já ẹrù kankan.

Bí ọwọ́ rẹ bá gbé e, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra ẹfun lílọ̀ tí obìnrin náà ní yóò pa kíkan ilẹ̀, àti ọ̀rá mìíràn. Lọ́tẹ̀ yìí, òun fúnra rẹ̀ ni yóò bu ú.

Ọlọ́run yóò pa yín mọ́. Bí dókítà bá bi yín pé ta ló ń fún ọmọ náà ní ẹ̀fọ́ yẹn jẹ, ẹ má bo àṣìírí mi. Ẹ sọ pé bàbá àgbà rẹ̀ ni.

Èmi,
Bàbá rẹ