Ẹ̀rọ Tó Ń Tiro

Màmá mi, ìgbà kẹta tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí rèé. Ara mi le koko bí ọta. Ilé dára, àfi àtẹ̀gùn tó máa ń yọ̀ bí òjò bá rọ̀.

Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí à ń ṣe ti ń rìn! Èmi ni mo ṣe mọ́tò kékeré inú orúnkún rẹ̀, tó ń ká ẹsẹ̀ rẹ̀, tó sì ń nà án. Ṣùgbọ́n ó ń tiro. Odidi ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tú orúnkún ọ̀tún palẹ̀. Mo pààrọ̀ mọ́tò, mo pààrọ̀ wáyà, mo bá gbogbo èèyàn jà. Ó ṣì ń tiro. Ni ọ̀gá mi bá rọra bi mí pé, "Ìrìn ta la fi kọ́ ọ?"

Ìrìn mi ni. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n lẹ wáyà mọ́ lóṣù tó kọjá, kí ẹ̀rọ lè wò mí kọ́ ìrìn. Nǹkan kan ò ṣe mọ́tò.

A rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Àbúrò mi ní fídíò lòun fẹ́. Ẹ fi fọ́tò tí mo fi sínú lẹ́tà yìí, níbi tí mo jókòó sí, hàn án, ẹ sọ pé ìjókòó ló yẹ mí jù.

Èmi ni,
ọmọ yín tí nǹkan kan ò ṣe.