Lupesina, Ìṣísẹ̀ Mẹ́jọ Ni Láti Ìdí Lẹ́mọ́ọ̀nù

Ọdún méje rèé, Lupesina. Ọdún méje gbáko tí o ti fi wá sílẹ̀ ní àdúgbò Māngere yìí. Ọkọ̀ òfuurufú ṣì ń gba orí òrùlé wa kọjá. Mo ṣì máa ń dá ọ̀rọ̀ dúró títí ariwo rẹ̀ fi lọ, bí a ti máa ń ṣe.

N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. O mọ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún yìí ọ̀rọ̀ wà.

Ilé wa ti lọ. Ojúlé kẹrìnlá, ilé pákó tí ìjọba fún wa nígbà tí oyún Tavita wà nínú rẹ. Ọdún méjìdínlógójì la gbé ibẹ̀. Ilé tí o kun ilẹ̀kùn rẹ̀ ní àwọ̀ ewé láìgba àṣẹ. Ilé tí òtútù ń gba abẹ́ pákó wọlé, tí gbogbo wa fi ń kó ẹní jọ sí yàrá kan, ọmọ mẹ́ta láàárín èmi àti ìwọ. Wọ́n wó o ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan. Tíì mi kò tíì tutù tí ó ti di òkìtì pákó.

Ìwọ kò rí i. Ìwé nìkan ni o rí. Ìwé pé wọn yóò wó ilé mẹ́fà ní òpópónà wa, wọn yóò kọ́ ogójì ilé olówó pọ́ọ́kú sí ipò wọn, àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ yóò sì padà wá gbé inú rẹ̀. O ní kí Senerita kà á lẹ́ẹ̀mejì. O wò mí láti orí ibùsùn. O ní, "Má jẹ́ kí wọ́n hú ìwọ́ àwọn ọmọ mi."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn èyí ni o lọ.

Mo gbọ́ lóòótọ́. N kò béèrè ibi tí o sin wọ́n sí. Ìwọ àti Oliana àbúrò rẹ lẹ sin wọ́n, iṣẹ́ obìnrin ni. Nígbà ìbí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ilé iṣẹ́ ẹran ni mo wà. Igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìnkùlé, lẹ́mọ́ọ̀nù rẹ. Òun ni o ń bomi rin, òun ni o ń bá sọ̀rọ̀. Mo gbà pé abẹ́ rẹ̀ ni. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún mi.

Omidan kan láti ọ́fíìsì ìjọba mú ìwé wá fún mi láti fọwọ́ sí. Mo ní ó di ìgbà tí lẹ́mọ́ọ̀nù bá wà nínú àwòrán ilé tuntun. Ó yẹ àwòrán náà wò.

"Bàbá, ilé ìdáná ẹnì kan ló bọ́ sórí igi yẹn."

"Kí ẹni náà lọ dáná níbòmíràn."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló padà wá. Gbogbo òpópónà ti fọwọ́ sí ìwé, ó ku èmi. Pulotu òdìkejì wa na ọrùn lórí ọgbà. "Simanu! Ṣé torí ọsàn kíkan ni kí òtútù pa gbogbo wa? Ó kúkú kan bí ojú rẹ!" Ìwé mìíràn dé: bí n kò bá fọwọ́ sí i kí oṣù tó parí, orúkọ wa yóò kúrò nínú ti àwọn tó máa padà. Senerita sunkún. Mo jókòó sórí òkúta ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí mo ti máa ń bọ́ bàtà iṣẹ́, mo ń wo igi náà. Mo ti ṣèlérí fún ọ.

Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù parí nígbà tí Hōhepa dé, ọ̀gá àwọn tó ń wọn ilẹ̀. Ọmọ Māori, àwọn onílẹ̀ ibí, ni; ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn. Ó na okùn ìwọ̀n rẹ̀ títí dé ìdí igi.

"Bàbá, wọ́n ní igi yìí ni wàhálà yín. Kí ló wà lábẹ́ rẹ̀?"

"Ìwọ́ ọmọ mi mẹ́ta."

Ó bọ́ akoto orí rẹ̀; àwọn Māori náà ń sin ìwọ́ ọmọ. Ó ká okùn rẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

"Wọn ò béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi àwọ̀n pupa yí igi náà ká. Kí ọ̀sẹ̀ tó tán, wọ́n tún àwòrán yà. Ògiri ilé tuntun náà tẹ̀ bí ìgúnpá ẹni tó ń yà fún àgbà. Mo fọwọ́ sí ìwé.

Wọ́n kó wa lọ sí Papakura fún ọdún mẹ́ta tí wọ́n fi kọ́lé. N kò fẹ́ sọ̀rọ̀ Papakura.

A padà, Lupesina! A padà sórí ilẹ̀ wa. Ìsàlẹ̀ ni wọ́n fún wa, nítorí orúnkún mi. Ilé náà móoru! Ògiri rẹ̀ kò fẹ́ afẹ́fẹ́, fèrèsé rẹ̀ kò sunkún. Àyà rẹ ì bá sinmi nínú rẹ̀. Èyí ló máa ń dùn mí ní àárọ̀.

Tavita ń gbin kókò sí oko gbogboogbò. Filemoni ń wa bọ́ọ̀sì. Wọ́n ní àwọ̀ eérú ni gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ jẹ́. Senerita kun tiwa ní àwọ̀ ewé. Wọ́n ti kọ ìwé ìkìlọ̀ méjì. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ara ògiri ilé ìdáná. Ọmọ rẹ ni.

Ìtàn igi náà tàn ká gbogbo ilé. Lose ará Tonga tó ń gbé òkè wa bímọ, ó sin ìwọ́ ọmọ rẹ̀ sí ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ilé òdìkejì náà bímọ, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń kí mi bí ẹni tó dá ìlú sílẹ̀. Mo ń mi orí.

Ní ọdún tó kọjá, Oliana ti Savai'i, erékùṣù tí a ti ṣí wá, dé, ó mú ẹní wá fún ibojì rẹ. Mo mú un lọ síbi igi. Mo ní, "Mo pa á mọ́ fún un."

"Kí lẹ pa mọ́, ọkọ wa?"

"Ìwọ́ àwọn ọmọ."

Lupesina, àbúrò rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Lábẹ́ èyí? Ọjọ́ tí Senerita wọ ilé ẹ̀kọ́ ni Ẹ̀gbọ́n mi gbin ín! Abẹ́ òkúta ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni. Ó ní kí àwọn ọmọ òun má gbàgbé ilẹ̀kùn. Ẹ fi ìdí yín jókòó lé wọn lórí láti ọjọ́ yìí wá, ẹ ò béèrè!"

N kò lè rẹ́rìn-ín. Òkúta náà ti lọ. Mo pe Hōhepa. Ó wá, ó tẹ́ àwòrán àkọ́kọ́ sórí mọ́tò rẹ̀, ó fi ìka tọ ìlà kan. Ìpìlẹ̀ ògiri ni. Ibi òkúta yẹn gan-an ló gbà kọjá.

"Ṣé ẹ gbẹ́ ibẹ̀?"

"Rárá, Bàbá. A gbé òkúta nìkan, a da koríko bò ó. Tí kì í bá ṣe lẹ́mọ́ọ̀nù yín tó yí ògiri kúrò, à bá ti gbẹ́ ẹ."

Mo jókòó sórí koríko náà títí oòrùn fi yí. Ìgbà yẹn ni mo tó rẹ́rìn-ín.

Lóṣù tó kọjá, Senerita bí obìnrin. Ó ní, "Ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù ni, àbí, Bàbá?" Mo sọ òtítọ́ fún un. Ó rẹ́rìn-ín bíi tìrẹ, ó fọwọ́ bo ẹnu. Mo wá bi í pé, "Níbo ni ìwọ fẹ́?" Ó tọ́ka sí koríko. Mo dúró tì í. Mo wo bí ó ṣe gbẹ́ ilẹ̀, mo wo bí ó ṣe bo ìwọ́ ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀. N kò rí i rí láyé mi. Lẹ́yìn náà mo fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀nà. Ìṣísẹ̀ mẹ́jọ ni láti ìdí lẹ́mọ́ọ̀nù. Mo kọ ọ́ síbí kí ó má baà sọnù mọ́.

Orúkọ rẹ la sọ ọmọ náà.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ni n kò bi ọ́ nígbà tí o wà. Mo ń bi ọ́ báyìí, lójoojúmọ́. Ọdún méje, Lupesina! À ń wá ọ lẹ́nu ọ̀nà. À ń wá ọ nídìí iná. A nífẹ̀ẹ́ rẹ, ilẹ̀kùn rẹ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé.

Simanu, ọkọ rẹ.
Tavita, Filemoni, Senerita.
Àti Lupesina kékeré.