Bàbá Alágbàfọ̀ Tó Pa Ẹ̀rọ Nítorí Àwọn Ọmọ Iṣẹ́ Wọn

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta ọdún 1960 ni wọ́n bí bàbá wa, sí ilé oníyàrá méjì kan lẹ́yìn ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Káfíńtà tí kì í sọ̀rọ̀ ni bàbá wọn. Aránṣọ tí kì í dákẹ́ ni ìyá wọn. Ìyá ni wọ́n fẹnu jọ.

Wọ́n jáde ìwé mẹ́fà ní 1972. Ní 1981, ilé ìwòsàn ìjọba gbà wọ́n sí ilé ìfọṣọ, níbi tí wọ́n ti di ọ̀gá, tí tọmọdé tàgbà sì ń pè wọ́n ní Bàbá Alágbàfọ̀. Wọ́n fẹ́ ìyá wa, olùkọ́ ìṣirò, ní 1986. Ìyá wa a máa ní aṣọ gbogbo ayé ni ọkọ òun ń fọ̀, àfi ti inú ilé. Ní ilé àdúrà, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n máa ń dúró sí, tí wọ́n ń wá àga fún àwọn tó pẹ́ dé, láì bi ẹnikẹ́ni pé kí ló dá a dúró.

Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn wọlé dé ní 2020, aṣọ ìdáàbòbò kò kárí. Dókítà gbà, nọ́ọ̀sì gbà, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò rántí àwọn ọmọ iṣẹ́ márùn-ún tó ń kó aṣọ ibùsùn tí àwọn aláìsàn bì sí. Bàbá wa kọ̀wé lẹ́ẹ̀mejì. Kò sí èsì. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, wọ́n pa ẹ̀rọ ìfọṣọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, aṣọ mímọ́ ti tán ní wọ́ọ̀dù. Mètírọ́ọ̀nù sáré sọ̀kalẹ̀.

"Bàbá Alágbàfọ̀, ṣé kí àwọn aláìsàn máa sùn lórí fóòmù lásán ni?"

"Rárá o, mà. Ó dùn mí dọ́kàn. Àmọ́ ọmọ ọlọ́mọ ló dúró lẹ́yìn mi yìí. Imú làwọn náà fi ń mí."

Ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ dé kí oòrùn tó wọ̀. Bàbá wa tan ẹ̀rọ padà, wọ́n sì jẹ́wọ́ fún ìyá wa lórí fóònù pé ẹ̀rù mètírọ́ọ̀nù ba òun.

Wọn ò wálé fún ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá, kí wọ́n má baà kó àrùn náà ran ìyá wa, tí ikọ́ fée ń bá jà. Yàrá tí wọ́n ń kó ọṣẹ sí ni wọ́n ń sùn. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin bímọ lásìkò náà, òdìkejì géètì ilé ìwòsàn ni wọ́n ti wo ọmọ-ọmọ wọn àkọ́kọ́, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ó mà ṣe o! Imú mi ló gbé."

Ìkankan nínú àwọn márùn-ún kò kó àrùn náà. Bàbá wa nìkan ló kó o. Wọ́n gbádùn lẹ́yìn ọjọ́ mọ́kàndínlógún, ṣùgbọ́n àyà wọn kò bọ̀ sípò mọ́. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní 2021. Oṣù tó kọjá ni wọ́n dákẹ́, lẹ́ni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ọwọ́ wọn wà lọ́wọ́ ìyá wa. A ò ní purọ́: ìgbà mìíràn wà tí inú ń bí wa pé wọn ò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ nígbà tí a bẹ̀ wọ́n.

Wọ́n fi ìyá wa sáyé lọ, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta, ọmọ-ọmọ mẹ́rin, àbúrò méjì, àti àwọn márùn-ún tó ń pè wọ́n ní bàbá láì jẹ́ ọmọ bíbí inú wọn.

Ẹ mí kanlẹ̀ wàyí, bàbá wa. Ẹ ti ṣe é tán. Ẹ sùn un re o.