Bọ́ọ̀lù Tí Mò Ń Sọ fún Lará

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Keje

A tún pàdánù. Mọ́kànlá sí méjì. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, inú wá bí mi, lẹ́yìn náà ebi ń pa mí.

Mọ́tò Auntie Ọlárónkẹ́ ni mo bá lọ Newmarket — àwọn ló ni ilé tí mò ń gbé ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní Rexdale, nọ́ọ̀sì ni wọ́n, wọ́n máa ń ṣe shift ní Newmarket lọ́jọ́ Sunday. Wọ́n ní, "Dayọ̀, abeg, àwọn tó mọ baseball gbá wà ní downtown o. Kí lo rí lára àwọn wọ̀nyí?" Ìgbà tí mo kọ́kọ́ dé Canada, ẹ̀yìn pápá wọn ni mò ń gbé. Àwọn ni mo kọ́kọ́ mọ̀. Ká fi síbẹ̀.

Aago méjì ọ̀sán níbí, aago méje alẹ́ n'Íbàdàn. Lará ìyàwó mi á ti gbé fóònù sétí. Bí bọ́ọ̀lù bá ṣe ń lọ ni mo ń sọ ọ́ fún un, bíi ti rédíò. Kò rí àwọn ọmọ yìí rí, ó sì ti sọ gbogbo wọn lórúkọ. Ó ní ará ilé ọkọ òun ni wọ́n, ìyàwó kì í pe ará ilé ọkọ lórúkọ. Herons, ẹgbẹ́ baseball wa yìí fúnra wọn, ti di Lékeléke. Ọmọ gíga tó ń ju bọ́ọ̀lù — Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Onígíláàsì tó ń mú un lẹ́yìn — Akọ̀wé. Eyínfúnjowó ni èyí tó máa ń rẹ́rìn-ín tó bá ti fi igi gbá afẹ́fẹ́ tán.

Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ sọnù lónìí títí ó fi sú mi. Lará ní, "Ṣé ọmọ yẹn tiẹ̀ ti jẹun báyìí?" Mo rẹ́rìn-ín débi pé àwọn òyìnbó yíjú wò mí.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Keje

Pe Lará. Ṣé ẹ ti jẹun. Mo ti jẹun. Fíísà rẹ ńkọ́. Kò tíì jáde. Iná ò sí. Ó dàárọ̀.

Bí a ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn láàárín ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ti gbó lẹ́nu wa. Ọjọ́ Sunday nìkan ló dà bíi pé a jọ jókòó.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Keje

Pàdánù. Òjò.

Ọjọ́ Àìkú, 20 Oṣù Keje

A BORÍ! Márùn-ún sí mẹ́rin!

Abala tó kẹ́yìn. Eyínfúnjowó gbá a, bọ́ọ̀lù bọ́ sáàárín àwọn méjì tí kálukú ń retí pé èkejì á mú un. Akọ̀wé sáré wálé, gíláàsì rẹ̀ jábọ́ lójú ọ̀nà. Lará ké débi pé àwọn aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá dé, ibi tí ẹ jókòó sí yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ mú mi lọ. Ẹ má mú mi lọ ilé."

Ó wá ní nǹkan kan wà tí òun fẹ́ sọ. Mo ní kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan kan, inú òun ń dùn ni.

Mo fẹ́ kó wà níbí débi pé mi ò lè jẹ oúnjẹ alẹ́.

Ọjọ́bọ̀, 24 Oṣù Keje

Ẹgbẹ́ ti túká. Orí fóònù ni mo ti kà á, níbi iṣẹ́, láàárín páálí ní warehouse wa ní Brampton. Ẹni tó ni wọ́n ní agbára òun ò gbé e mọ́, èrò kì í wá, wọn ò tiẹ̀ ní lè parí sáà yìí. Rayyan tí a jọ ń to ẹrù ní kí n má bínú, pé wọn ò kúkú mọ̀ ọ́n gbá tẹ́lẹ̀. Mo kó páálí tèmi lọ síbòmíràn títí a fi ṣíwọ́.

Tí kò bá sí Lékeléke, kí ló kù tí èmi àti Lará ó máa sọ?

Ọjọ́ Ẹtì, 25 Oṣù Keje

Mi ò tíì sọ fún un. Ó di ọ̀la.

Ọjọ́ Àìkú, 27 Oṣù Keje

Ojú ń tì mí láti kọ èyí.

Auntie ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń gbá a ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n wò mí, wọ́n já mi sílẹ̀. Pápá ṣófo. Mo jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Nígbà tó di aago méjì, mo pe Lará, mo ní, "Lékeléke ti jáde o!"

Mo sọ bọ́ọ̀lù tí kò sí. Mo kọ́kọ́ ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, nígbà tó yá ó ń dùn mọ́ mi. Mo jẹ́ kí wọ́n pàdánù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ta ló máa gbà mí gbọ́? Lará ní kí ló dé tí òun ò gbọ́ ariwo. Mo ní ooru ni ò jẹ́ kí èrò wá. Ó ní, "Wọ́n mà gbìyànjú."

Ọjọ́ Ajé, 28 Oṣù Keje

Òpùrọ́ ni mí. Oorun sì dùn mọ́ mi lójú lánàá.

Ọjọ́ Àìkú, 3 Oṣù Kẹjọ

Ohun tí mo gbèrò ni kí wọ́n tún pàdánù, díẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n èmi ni mo ni gbogbo wọn lónìí — ta ló ní kí n máa fìyà jẹ wọ́n? Mo jẹ́ kí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ lé àwọn ọ̀tá kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jẹ́ kí Akọ̀wé gbá a kọjá ọgbà, kọjá títì. Mẹ́wàá sí òdo! Mò ń pariwo nínú pápá òfìfo bíi wèrè, ọkùnrin kan tó ń fa ajá lọ yà gba ọ̀nà mìíràn.

Lará ní, "Ó dáa. Ẹ kú oríire." Bó ṣe sọ ọ́ ò tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọjọ́bọ̀, 7 Oṣù Kẹjọ

Fíísà ńkọ́. Kò tíì jáde. Kò mẹ́nu ba bọ́ọ̀lù rárá.

Ọjọ́ Àìkú, 10 Oṣù Kẹjọ

Ẹ̀yìn pápá náà ni mo ti ń kọ èyí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni, Lékeléke ti jáde, oòrùn mú. Lará ní, "Dayọ̀." Kì í pè mí bẹ́ẹ̀, ọkọ mi ló máa ń pè mí. Ó ní ẹgbẹ́ yẹn ti túká, òun rí i lórí Facebook wọn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e síbẹ̀. Ó mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀! Gbogbo bọ́ọ̀lù tí mo fẹnu gbá, ó jókòó gbọ́ ọ tán. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní, "Ẹ ń gbádùn ara yín. Èmi náà ń gbádùn un. Àmọ́ mẹ́wàá sí òdo? Ẹgbẹ́ wa?"

A rẹ́rìn-ín. A rẹ́rìn-ín títí mo fi gbọ́ pé ẹkún ni tiẹ̀.

Wọ́n ti kọ̀ láti fún un ní fíísà. Láti oṣù kẹfà. Gbogbo "kò tíì jáde" tó ń sọ fún mi nìyẹn. Ó ní, "Mo ní kí n dúró dọjọ́ tí a bá borí, kó má baà dùn yín jù. A wá borí, inú yín ń dùn, mi ò wá lè sọ ọ́ mọ́."

Ó ní òun ò ní tún béèrè fíísà mọ́ o. Ó ti sú òun.

Mo ní mò ń bọ̀ nílé, ní December. Ó wá ní, "Ṣé òótọ́ ni, àbí ẹ tún ń sọ bọ́ọ̀lù fún mi?"



Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 12 Oṣù Kẹjọ

Mo ra tíkẹ́ẹ̀tì ilé, ti December. Àlọ nìkan ló wà níbẹ̀; ti àbọ̀, mi ò tíì mọ̀. Mi ò pe Lará láti sọ ọ́. Fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì náà ni mo fi ránṣẹ́ sí i, mi ò kọ ọ̀rọ̀ kankan sábẹ́ rẹ̀.