Nọ́ńbà Tí Bàbá Fá Dànù

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ gan-an ni. Mo lérò pé ara rẹ le, iṣẹ́ sì ń lọ déédéé. Àlàáfíà ni àwa náà wà, àyàfi ọ̀rọ̀ etí Bàbá. Ọ̀rọ̀ náà gùn, òun ló jẹ́ kí n kọ̀wé dípò kí n pè ọ́.

Àpótí tí Bàbá fọwọ́ ara wọn tò jọ lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì, èyí tó ń gbé ohùn rẹ sókè sí wọn létí láti orí fóònù ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, ti dákẹ́. Èéfín ṣàdédé rú nínú rẹ̀. Nígbà tí mo tú u, tíránsífọ́mà tó ń dín iná ògiri kù fún un ló jó. Mo rò pé mà á kàn wá irú rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n o mọ àṣà wọn nígbà tí wọ́n ń tún rédíò ṣe ní ṣọ́ọ̀bù: kò sí ohun tí wọ́n tò tí wọn kì í fi bíléèdì fá nọ́ńbà ara rẹ̀ dànù, kí oníṣẹ́ ẹgbẹ́ wọn má baà wò ó ṣe. Wọ́n ti fá ti èyí náà, èyí tó yẹ kó sọ iye iná tó ń gbé jáde. Ara rẹ̀ ń dán gbinrin.

Mo kọ ọ́ gàdàgbà sí ìwé: “Bàámi, fóltì mélòó ló ń jáde lára rẹ̀?” Wọ́n kà á, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù òdìkejì, o tún ti dé! Lọ kọ́ṣẹ́ tìẹ jàre.” Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń pè mí ní ọkùnrin yẹn, èmi tí mo wọ yẹ̀rì. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo béèrè. Èsì kan náà ni.

Mo yọ ti rédíò àtijọ́ kan dán an wò; ohùn tó jáde kò ju ti kòkòrò inú ìgò lọ. Mo wá gbé e lọ bá Oníwáyà, ẹni tó ń wé wáyà tíránsífọ́mà nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, èèyàn ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n wé wáyà tó ti yọ́ pọ̀ mọ́ra. Àbá lásán ni mo máa dá o.” Mo ní kó dá a.

Lọ́jọ́ Ẹtì, a tan án. Mo sọ̀rọ̀ sí i: “Bàámi, ẹ káàárọ̀.” Wọ́n yíjú sí mi, wọ́n sì pè mí lórúkọ. Kí n tó dáhùn, òórùn ti gba yàrá. Fóltì tí a dábàá ti ga jù. Iná ti jó gbogbo ìyókù àpótí náà. Oníwáyà bẹ̀ mí títí. Kò ṣẹ̀ mí.

Ní Àìkú tó kọjá, wọ́n fi ìgbọ́rọ̀ àpótí náà sétí, wọ́n jókòó ti fóònù, wọ́n bi mí pé, “Ọ̀gá, kí ni ọmọ mi ń wí?” Mo kọ ọ́ síwèé pé o ní o ń bọ̀. Mi ò bi ọ́ tẹ́lẹ̀, má bínú. Wọ́n ti ká ìwé náà sápò.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ àtilọ àtibọ̀ rẹ. Kó má jẹ́ kí o pẹ́ jù.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin.

Àfikún: Má ra tíránsífọ́mà kankan dání, kò sí ohun tí a máa so ó mọ́. Tí o bá sì wọlé, tí wọ́n bi ọ́ pé rédíò wo lo gbé wá fún àtúnṣe, má sunkún lójú wọn.